Òkú tí wọ́n gbé wá sí Cuautla: ṣé Zapata ni àbí kì í ṣe òun?

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ní April 10, 1919 nígbà tí àwọn sójà ìjọba wọ ìlú Cuautla, ní ìpínlẹ̀ Morelos ní Mẹ́síkò, pẹ̀lú òkú ọkùnrin kan lẹ́yìn ìbaaka. Ọ̀gá wọn, Jẹ́nẹ́rà Pablo González, ti ń retí wọn. Wọ́n gbé òkú náà sílẹ̀, wọ́n pe ẹnì kan tó ti jagun lẹ́yìn ọkùnrin náà rí kó wá wò ó, ẹni yẹn ní òun náà ni, wọ́n bá fi wáyà ránṣẹ́ sí Mexico City pé Emiliano Zapata, olórí àwọn àgbẹ̀ tó gbé ìbọn torí ilẹ̀, ti kú. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n ya fíìmù, wọ́n tẹ́ ẹ síta gbangba kí ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó, àwọn èèyàn sì ya wá láti abúlé lóríṣiríṣi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kó tó di pé wọ́n sin ín ní April 12. Ohun tí González ń wá ò le: kí àwọn ará oko yẹn fi ojú ara wọn rí i, kí wọ́n gbà pé ó ti parí, kí kálukú padà sílé lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Wọ́n wá o, wọ́n sì wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wò ó tán, wọ́n ní èyí kọ́.

Ọ̀pọ̀ tó bá ń sọ ìtàn yìí ló máa ń fi rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé àwọn ará oko ò lajú ni wọn ò ṣe gbà pé ọ̀gá wọn kú. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Tí èèyàn bá fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe pa á, á rí i pé kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ yẹn ní ìtumọ̀, ó sì ní iṣẹ́ tó ṣe fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ta lọkùnrin náà. Wọ́n bí Zapata ní 1879 ní abúlé Anenecuilco, kì í ṣe ọmọ tálákà paraku bí àwọn kan ṣe máa ń sọ, ìdílé ẹ̀ ní ilẹ̀ díẹ̀ àti ẹran díẹ̀, òun fúnra ẹ̀ sì mọ ẹṣin í tọ́ débi pé àwọn olówó ń du ara wọn láti gbà á síṣẹ́. Ó fẹ́ràn aṣọ, ó ní ṣòkòtò tí wọ́n fi fàdákà ṣe ọ̀ṣọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní irùn imú ńlá yẹn tí gbogbo ayé mọ̀. Ní September 1909 àwọn àgbà abúlé ní ó ti rẹ àwọn, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n yan Emiliano ṣe olórí, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ogun rárá, iṣẹ́ ìwé ni. Anenecuilco ní àwọn ìwé àtijọ́ láti ayé tí Sípéènì ṣì ń jọba níbẹ̀, tó sọ ibi tí ilẹ̀ wọn dé, àwọn oní-hacienda, ìyẹn àwọn olóko ńláńlá tó ń gbin ìrèké, sì ń jẹ ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, torí rélùwéè ti dé, ẹ̀rọ tuntun ti dé, ṣúgà ń pawó, Porfirio Díaz tó ti ń darí orílẹ̀-èdè náà láti 1876 sì wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá. Nígbà tí abúlé náà lọ bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbin nǹkan sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí kí òjò tó kọjá, wọ́n ní máníjà hacienda tí wọ́n ń pè ní Hospital dá wọn lóhùn pé tí wọ́n bá fẹ́ gbin nǹkan kí wọ́n lọ gbìn ín sínú ìkòkò òdòdó. Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí o! Ní 1910 Zapata kó bí ọgọ́rin ọkùnrin tó gbé ìbọn dání, ó lọ sórí ilẹ̀ náà, ó ní kí àwọn tí hacienda fi síbẹ̀ kúrò, ó pín in fún àwọn ará abúlé ẹ̀. Ìyẹn ṣáájú kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Ogun ọ̀hún wá dé. Francisco Madero ní kí gbogbo ìlú dìde sí Díaz ní November 20, 1910, Zapata dara pọ̀ ní March 1911, ó gba Cuautla ní May, kò pẹ́ sígbà yẹn Díaz kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Madero di ààrẹ, ó ní kí àwọn tó gbé ìbọn lọ gbé e sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ á bọ́ sójú ọ̀nà tó bá yá. Zapata ní rárá o. Ní November 1911 òun àti tíṣà kan tó ń jẹ́ Otilio Montaño kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Plan de Ayala jáde: ilẹ̀ tí wọ́n jí gbà, kí abúlé tó ni ín gbà á padà lójú ẹsẹ̀, kí ìjọba gba ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ àwọn olóko ńlá kó sì sanwó ẹ̀ fún wọn, ẹni tó bá ta kò ó pàdánù ìyókù. Lẹ́yìn ìyẹn, ààrẹ ń kú, ààrẹ ń sá: wọ́n pa Madero ní February 1913, Huerta tó gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ sá lọ ní July 1914, àwọn tó lé Huerta náà wá kọjú ìjà síra wọn, Venustiano Carranza àti Jẹ́nẹ́rà Álvaro Obregón lápá kan, Pancho Villa àti Zapata lápá kejì. Mi ò ní dá yín dúró síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ka orúkọ àwọn jẹ́nẹ́rà yẹn tán ilẹ̀ á ṣú bá a. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni ti December 1914, nígbà tí Villa àti Zapata wọ Mexico City, tí wọ́n ya fọ́tò láàfin ìjọba: Villa ló jókòó lórí àga ààrẹ tó ń rẹ́rìn-ín, Zapata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó fi ìfura tẹ ojú mọ́ kámẹ́rà. Wọ́n ní wọ́n fi àga náà lọ̀ ọ́, ó kọ̀, ó ní ṣe ló yẹ kí wọ́n dáná sun ún.

Ó padà sí Morelos ní tiẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan tó dáa jù nínú gbogbo ogun yẹn ti ṣẹlẹ̀, láàárín ìparí 1914 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1916. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá láti Mexico City pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń fa ààlà. Ìtàn kan wà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: abúlé méjì ń jà lórí ààlà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ fa ìlà tó gún régé, Zapata ní ògiri òkúta tó wà níbẹ̀ yẹn ni àwọn èèyàn sọ pé ó jẹ́ ààlà àwọn, ibẹ̀ náà ni kí ẹ gbé ìlà yín gbà, ì báà ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ó ní kí wọ́n ṣì máa gbin ìrèké díẹ̀ torí owó tí wọ́n á fi ra nǹkan ìjà, àwọn ará abúlé gbọ́, wọ́n lọ gbin àgbàdo, ẹ̀wà, tòmátì àti ata. Wọn ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu níbẹ̀ yẹn, kò sì fi agbára mú wọn. Àwọn ìwé Anenecuilco ńkọ́? Ó ti kó wọn fún àwọn èèyàn tó fọkàn tán kí wọ́n bá a tọ́jú ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Francisco Franco, ṣì wà nídìí ìwé yẹn lẹ́yìn ogun títí wọ́n fi pa á ní 1947.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹni tó bá rí ilẹ̀ ẹ̀ gbà padà lọ́dún yẹn kì í ṣe pé ó gbọ́ nípa Zapata lórí rédíò, ó ti gbin àgbàdo sórí ẹ̀.

Villa fìdí rẹmi ní Celaya ní April 1915, ọ̀nà sì là fún Carranza láti kọjú sí Morelos. González ni wọ́n rán. Ohun tó ṣe níbẹ̀ burú ju bí mo ṣe lè rò ó lọ: ó sun abúlé, ó kó èèyàn kúrò nílé, ó pa tọkùnrin tobìnrin ní Tlaltizapán níbi tí Zapata fi ṣe ibùjókòó ẹ̀, ó kó ẹ̀rọ ṣúgà tú ta. Àìsàn lukú-luku tó gba gbogbo ayé ní 1918 wá fọwọ́ bà á. Morelos tó ní bíi 180,000 èèyàn nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1910, bíi 103,000 ni wọ́n bá níbẹ̀ ní 1921. Nínú ilé Zapata fúnra ẹ̀ nǹkan ti ń fọ́. Montaño tó bá a kọ Plan de Ayala, wọ́n fẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ kàn án, àwọn èèyàn Zapata yìnbọn fún un ní May 1917. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n Zapata, Eufemio, tó máa ń mutí yó lu bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ogun wọn, ọmọ bàbá yẹn pa Eufemio. Carranza ní tiẹ̀ ti ṣe òfin tuntun fún orílẹ̀-èdè náà ní February 1917, abala 27 nínú ẹ̀ sì sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ fún abúlé, ó wà nínú ìwé, kò sí lóko.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí rèé nígbà tí 1919 fi bẹ̀rẹ̀. Zapata ò ní ìbọn tó, kò ní ọta, kò ní èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀, orí òkè ló ń sùn. Ní March ó kọ lẹ́tà gbangba sí Carranza, kò pè é ní ààrẹ, “aráàlú Carranza” ló pè é, ó ní ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lẹ fi ogun yìí sọ ara yín dolówó.

Oṣù yẹn náà ló gbọ́ pé kọ́nẹ́ẹ̀lì kan nínú àwọn sójà González, Jesús Guajardo, ti bá ọ̀gá ẹ̀ jà. Òótọ́ sì ni. Wọ́n rán Guajardo kó lọ lépa àwọn èèyàn Zapata, ilé ọtí ni wọ́n ti bá a, González bínú, ó ní kí wọ́n tì í mọ́lé. Ni Zapata bá kọ ìwé kékeré kan sí i ní bòókẹ́lẹ́ pé máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, a máa gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìwé náà ò dé ọwọ́ Guajardo, ọwọ́ González ló bọ́ sí.

Ohun tí González ṣe níbí ló jẹ́ kí n gbà pé ọkùnrin yẹn gbọ́n, ọgbọ́n ìkà ni sha. Kò pariwo. Ó pe Guajardo, ó na ìwé náà sí i, ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ́, wọ́n ní ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló wá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí o fi lè yọrí: dá a lóhùn, sọ fún un pé o ń bọ̀. Guajardo kọ lẹ́tà, ó ní òun àti àwọn sójà òun àti ọta ìbọn òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ Zapata. Zapata ò kúkú gbà á bẹ́ẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ òótọ́, kó mú Victoriano Bárcenas àti àwọn èèyàn ẹ̀ fún òun, torí pé Bárcenas ti wà lọ́dọ̀ Zapata tẹ́lẹ̀ kó tó lọ bá ìjọba. Ẹni tó bá ń díbọ́n ò ní lè ṣe ìyẹn, àbí? Èèyàn wo ló máa pa ẹni tó wà lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀ torí àtipurọ́?

Guajardo ṣe é. Ní April 9 ó wọ Jonacatepec, ó kéde pé Zapata lòun ń bá lọ, ó mú àwọn ọmọ ogun Bárcenas, ó yìnbọn pa wọ́n, wọ́n lé ní àádọ́ta. Sójà ìjọba ni wọ́n, ìjọba kan náà tó rán Guajardo níṣẹ́, wọ́n fi ẹ̀mí wọn san owó ìdẹ. Lójú tèmi, ibí ni wọ́n ti pa Zapata, Chinameca, níbi tó kú sí lọ́jọ́ kejì, kàn ni ibi tí ọta ti bà á. Kò sí ìdánwò tó lè gbà ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tá tó ti ṣe tán láti pa ara ilé ẹ̀ kó lè yege nínú ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n pàdé nítòsí Tepalcingo. Àdéhùn ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó ọgbọ̀n èèyàn wá, Guajardo kó bí ẹgbẹ̀ta wá pẹ̀lú ìbọn ńlá tó ń yọ ọta léraléra. Àwọn kan lára èèyàn Zapata ti ń kìlọ̀ fún un pé àwọn ò gba tọkùnrin yìí gbọ́. Zapata dì mọ́ ọn, ó kí i kú iṣẹ́. Guajardo fún un lẹ́bùn ẹṣin pupa kan tó dáa gan an, As de Oros lorúkọ ẹ̀. Ẹ rántí pé ẹṣin ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn jù láyé ẹ̀, ẹni tó gbé ẹ̀bùn yẹn kalẹ̀ mọ̀ ọ́n dénú. Wọ́n ní ká pàdé lọ́la ní hacienda Chinameca.

Zapata mọ Chinameca dáadáa. Ní 1911, nígbà tí àwọn kan ń lépa ẹ̀, inú hacienda yẹn gan an ni wọ́n ti fẹ́ mú un, ó gba ẹ̀yìn sá wọ oko ìrèké, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí i lórí òkè lápá Puebla lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Gbogbo Morelos ló mọ ìtàn yẹn.

Àárọ̀ April 10 ó dé ìta hacienda náà, kò wọlé. Ariwo sọ pé àwọn sójà ìjọba wà nítòsí, òun àti àwọn èèyàn ẹ̀ gun ẹṣin yí àdúgbò ká, wọn ò rí ẹnì kankan. Ọ̀kan nínú àwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀, Palacios, wà nínú ilé pẹ̀lú Guajardo tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ iye ọta tí wọ́n máa kó fún wọn. Guajardo ń ránṣẹ́ pè é kó wá jẹun, ó ní òun wà níta, wọ́n gbé bíà wá fún wọn, oòrùn sì ń mú. Nígbà tó ti lé ní aago kan ọ̀sán ló tó gbà. Ó ní kí èèyàn mẹ́wàá tẹ̀ lé òun, àwọn yòókù dúró sábẹ́ ibòji igi, ìbọn wọn wà nínú àpò ẹṣin.

Salvador Reyes Avilés, akọ̀wé Zapata tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ránṣẹ́ sí Gildardo Magaña, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ogun Zapata. Àwọn sójà ti tò sórí ìlà lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni fẹ́ kí àlejò ńlá, wọ́n fọn fèrè ìkíni nígbà mẹ́ta, bí ohùn ìkẹta ṣe ń lọ sílẹ̀, tí Zapata ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àbáwọlé lórí ẹṣin tí wọ́n fún un, àwọn tó gbé ìbọn sókè láti fi kí i náà ló yìn ín lù ú, ẹ̀ẹ̀mejì, wọn ò jìnnà sí i rárá. Kò ráyè yọ ìbọn. Wọ́n pa Palacios nínú ilé, wọ́n pa àwọn mìíràn, àwọn tó kù sá. Ọmọ ọdún 39 ni Zapata.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Cuautla níbi tí òkú wà. Kí ni àwọn èèyàn rí tí wọ́n fi ní kì í ṣe òun? Àwọn kan ní Zapata ní àmì dúdú kan lójú, òkú yìí ò ní in. Àwọn kan ní okùn tó fi ń mú ẹran ti ṣe é léṣe ní ìka rí, ìka ò pé, òkú yìí sì ní ìka pé pérépéré. Àwọn kan ní èyí sanra jù. Láti ibẹ̀ ìtàn wá ń gùn sí i: pé compadre ẹ̀ kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ sọ di ará ilé, tó jọ ọ́ bí ìbejì, ló wọ aṣọ ẹ̀ tó sì gun ẹṣin lọ kú dípò ẹ̀. Pé ẹlòmíì tó jẹ́ Lárúbáwá mú un lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, ibẹ̀ ló ti darúgbó. Pé tí òru bá jìn èèyàn lè gbọ́ pátákò ẹṣin ẹ̀ lórí òkè. Wọ́n fi kọrin, àwọn orin corrido tí wọ́n máa ń tẹ̀ sórí bébà tà lọ́jà, wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ, ọmọ sọ fún ọmọ, àwọn tó bá a jagun darúgbó kùjọ́kùjọ́ tán wọ́n ṣì ń sọ ọ́ pé ọ̀gá àwọn ò kú ní Chinameca.

Kí n sọ tèmi: Zapata ni. Akọ̀wé ẹ̀ fúnra ẹ̀ kì í ṣe ará ilé González, kò sí ìdí kankan tó fi máa bá González parọ́, òun ló sì kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn èèyàn tiwọn. Òkú tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ìbaaka nínú oòrùn April, tí oòrùn Morelos ò sí ní kékeré nínú oṣù yẹn, kò ní ṣaláì wú, ojú tó ti wú tí ẹ̀jẹ̀ àti eruku sì bò, àmì dúdú wo lẹ fẹ́ rí níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìka yẹn ló le díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ibi tí àwọn èèyàn yẹn dúró. Àkọ́kọ́, ta ló ń sọ fún wọn pé ó ti kú? González tó sun ilé wọn ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá ní ojúmọ́ ti mọ́, mo máa ṣí fèrèsé wò ó kí n tó gbà. Èkejì, ọkùnrin tí wọ́n mọ̀ yìí, ìfura ló fi ń jẹun. Ó fura sí Madero, ó fura sí àga ààrẹ, ìfura yìí náà ló jẹ́ kó gbà kí wọ́n yìnbọn fún Montaño. Ó ti já pàkúté bọ́ nínú hacienda yìí kan náà rí. Ṣé irú ẹni yẹn ló máa wá gun ẹṣin ẹlẹ́ṣin wọ àárín ẹgbẹ̀ta sójà torí oúnjẹ ọ̀sán? Tí wọ́n bá gbà pé òun ni, wọ́n ní láti gbà pé ó ṣe àṣìṣe òmùgọ̀. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló kú, a jẹ́ pé ó tún gbọ́n jù wọ́n lọ, González ni òmùgọ̀, gbogbo fọ́tò tó yà yẹn fọ́tò lásán ni. Ìtàn compadre yẹn, àbùkù ni wọ́n fi gbà kúrò lára ọ̀gá wọn.

Èmi ò sì rò pé àṣìṣe òmùgọ̀ ni. Ẹni tí ọta ìbọn ti tán lọ́wọ́ ẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí ìfura mọ́. Ó dán Guajardo wò pẹ̀lú ìdánwò tó le jù tó mọ̀, ó dúró síta láti àárọ̀ dọ̀sán, ó yí àdúgbò ká. Ohun tó kù ni kó padà sórí òkè lọ́wọ́ òfo, kí àwọn tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹ̀ máa yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará abúlé ò ní rí ìṣírò yẹn, àwọn tó wà lórí òkè pẹ̀lú ẹ̀ nìkan ló mọ ebi tó wà níbẹ̀.

Nǹkan kẹta ni ti ilẹ̀. Tí Zapata bá kú, Plan de Ayala á di ìwé òkú, ẹni tó bá ń ro ilẹ̀ tó gbà lábẹ́ ẹ̀ á di olè. Tó bá ṣì wà lórí òkè, ẹjọ́ ò tíì parí nìyẹn, ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kó dúró síbẹ̀.

Àwọn tó pa á ò sì gbádùn ẹ̀ pẹ́. Guajardo gba ipò jẹ́nẹ́rà àti 50,000 pesos, nígbà tó fi máa di July 1920 ó ti ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba tó tẹ̀ lé e, wọ́n yìnbọn pa á ní Monterrey. Carranza sá kúrò ní Mexico City ní May 1920, wọ́n pa á lóru ní abúlé Tlaxcalantongo. González, wọ́n dájọ́ ikú fún un lọ́dún yẹn náà, wọ́n tú u sílẹ̀, ó lọ gbé ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obregón ló borí, Magaña àti Genovevo de la O àti àwọn èèyàn Zapata yòókù ti bá a ṣe àdéhùn, Morelos sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pín ilẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìyẹn ni ẹ̀rí pé González ò rí ohun tó ń wá lórí òkú yẹn.

Ìjọba wá rí i pé ọkùnrin yìí wúlò. April 10, 1924, Plutarco Elías Calles tó ń wá ipò ààrẹ lọ sí Cuautla lọ sọ pé ètò Zapata ni ètò òun. Láti ìgbà yẹn, ààrẹ ń lọ, ààrẹ ń bọ̀, olúkúlùkù ló ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀. Ní 1932 wọ́n hú egungun ẹ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ ère tí wọ́n ṣe fún un ní Cuautla. Kò tó wọn. Ní Mexico City wọ́n ní ilé ìrántí ńlá kan fún ogun náà, wọ́n kó egungun Carranza síbẹ̀, ti Madero, ti Calles, ti Villa, ní 1979 wọ́n ní ó ku ti Zapata. Ìdílé ẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ ní kò ṣeé ṣe, ẹ máa gbé e lọ sùn ti Carranza ẹni tó pa á? Wọn ò gbà, ìjọba padà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wá wo ìyẹn dáadáa: àwọn èèyàn tí bàbá wọn ní òkú yẹn kì í ṣe òun, àwọn náà ni wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan egungun ẹ̀. Kò bá ara wọn jà lójú tèmi, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ nígbà méjèèjì, pé ìjọba kọ́ ló máa sọ ibi tí Zapata wà.

Ní 1992 Ààrẹ Salinas tún abala 27 ṣe, ó fòpin sí pípín ilẹ̀, ó jẹ́ kí ilẹ̀ abúlé di ohun tí èèyàn lè tà. January 1, 1994 àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Chiapas, tí wọn ò sí nínú ogun Zapata nígbà ayé ẹ̀, gba San Cristóbal de las Casas lójijì, orúkọ tí wọ́n gbé wá ni EZLN, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Zapata fún òmìnira orílẹ̀-èdè, Z tó wà níbẹ̀ yẹn tiẹ̀ ni.

Ti 2019 ló kẹ́yìn, ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ààrẹ López Obrador kéde ọdún náà ní ọdún Zapata, wọ́n tẹ àwòrán ẹ̀ sórí ìwé ìjọba. Ní Morelos nígbà náà wọ́n ń jà lórí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tí wọ́n kọ́ sí Huexca, tó máa fa omi odò Cuautla tí àwọn àgbẹ̀ Ayala fi ń bu omi rin oko. Anenecuilco àti Chinameca, Ayala yẹn náà ni wọ́n wà. February 20, wọ́n yìnbọn pa Samir Flores Soberanes, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ko ilé iṣẹ́ náà, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ ní Amilcingo. Nígbà tí April 10 dé, Cuernavaca ni ààrẹ ti ṣe ayẹyẹ tiẹ̀. Àwọn tó ń jà torí omi lọ sí Chinameca, wọ́n ń pariwo pé Zapata ń bẹ láàyè, Samir ń bẹ láàyè, wọ́n sì tún ń dènà páìpù omi yẹn lọ.